Kilọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti èyí tó ń wẹ̀ nínú ọ́ọ̀lì: ojú mi rí nǹkan

Díẹ̀ ló kù kí n sunkún níwájú káńtà ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní London lọ́jọ́ Sátidé. Pọ́ùn 540 ni mo san kí wọ́n bá mi pààrọ̀ kilọ́ọ̀ṣì máṣìnì mi, Ducati Monster 900 ti 1998, gbígbẹ ni tiẹ̀. Kilọ́ọ̀ṣì ni àwọn pléètì tó ń fún mọ́ ara wọn kí agbára ẹ́ńjìnì lè dé táyà ẹ̀yìn; tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ ẹ̀, wọ́n á tú. Wọ́n ní pléètì ti jẹ tán, wọ́n ní baskẹ́ẹ̀tì tó gbé pléètì dání náà ti lọ, pé ìyẹn ló ń fa ariwo. Mo sanwó, mo tan án, mo fa ọwọ́ kilọ́ọ̀ṣì, ariwo yẹn náà ni! Kàràn-kàràn-kàràn, bíi ṣíbí inú agolo mílíìkì tí ọmọdé ń mì. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù ẹ̀, ó ní á fara balẹ̀ tó bá yá. Mo ní kó fún mi ní àlòkù tí wọ́n yọ, ó ní wọ́n ti dà á nù. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa Bajaj Boxer n'Ìbàdàn kí n tó wá síbí, tinú ọ́ọ̀lì ni kilọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ máṣìnì. Ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnì ni pléètì ẹ̀ ń wẹ̀ sí, ọ́ọ̀lì yẹn ló ń gba ooru lára ẹ̀, òun náà ló jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ fi ìdajì kilọ́ọ̀ṣì rìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road láàárọ̀ lálẹ́, kò ní bínú. Ẹ̀ẹ̀kan ló já mi kulẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni: mo rọ ọ́ọ̀lì mọ́tò tó ṣẹ́ kù nílé sí i. Àwọn ọ́ọ̀lì mọ́tò kan ní kẹ́míkà tó ń mú nǹkan yọ̀ kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀, kilọ́ọ̀ṣì ò sì fẹ́ yíyọ̀ rárá. Mo gbé ìyá kan àti àpò gàrí gun òkè Mápó, ẹ́ńjìnì ń ké, máṣìnì ò lọ, ìyá ní "ọmọ mi, ṣé kí n sọ̀ ni?" Ó sọ̀ lóòótọ́, ó fẹsẹ̀ gùn ún, ó sì tún sanwó mi pé. Látìgbà yẹn, tí mi ò bá rí JASO MA tàbí MA2, àmì pé ọ́ọ̀lì yẹn bá kilọ́ọ̀ṣì máṣìnì mu, lára ike ọ́ọ̀lì, mi ò rà á.

Gbígbẹ ti Ducati yìí, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Old Kent Road, ó ń rùn bíi bíréèkì tó ń jó, pléètì ń tètè jẹ, ọwọ́ òsì ń ro mí dé èjìká. Màmá tó ń gbé lókè mi, ará Ìlá Ọ̀ràngún, ní tí mo bá ti tan án láago mẹ́fà, òun máa ń rò pé ẹnì kan ń fọ àwo lójú àlá òun.

Mo wá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ń tún máṣìnì ṣe lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham. Kò jẹ́ n ṣàlàyé tán tó fi bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé ó ti bàjẹ́? Fà á." Mo fà á, ariwo. "Tú u sílẹ̀." Wẹ́lo. Ó ní tí mo bá ti fà á, pléètì á tú ara wọn sílẹ̀, wọ́n á máa gbá baskẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ọ́ọ̀lì tó máa bá wọn pẹ̀tù sí i, bó ṣe máa ń ké látilé nìyẹn. Ó ṣí kọ́fà, ó tú sípíríǹgì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń fa pléètì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín káàdì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ̀kán ọ́ọ̀lì kan ò kán sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti ń là, torí ti Boxer, ẹ máa da ọ́ọ̀lì, ẹ máa ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì á tún ya.

Ó wá ní kí n fi èékánná gba etí baskẹ́ẹ̀tì. Èékánná há sínú kòtò tí pléètì ti gbẹ́ síbẹ̀. Pléètì tuntun ni lóòótọ́, àmọ́ baskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba 190 lórí ẹ̀, ti àtijọ́ ni! Wọn ò yọ ọ́ rárá. Mo ya fọ́tò, mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mánéjà obìnrin kan jáde, ó wo fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, kò jiyàn, ó dá 190 padà, ó tún bẹ̀ mí. Ó ṣe dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin yẹn ṣì wà lórí fóònù ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tòun ò gba kọ́bọ̀, malt méjì ló ní kí n rà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi máṣìnì jẹun, tinú ọ́ọ̀lì ni kó rà. BMW gan-an, 2013 ni wọ́n mú máṣìnì wọn R1200GS kúrò ní gbígbẹ, wọ́n gbé e sí tinú ọ́ọ̀lì.

Tinú ọ́ọ̀lì: 7 nínú 10.
Gbígbẹ: 9 nínú 10. Ẹ má bi mí. Mo ra kọ́fà oníhò sí i lánàá, ariwo ẹ̀ tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò tíì sọ fún màmá Ìlá.