Ìkìlọ̀ fún Oníjàpá àti Oní-504 ní Òṣogbo: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gbé Orí Mítà Lọ Kí Wọ́n Tó Wo Táyà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa Ìjàpá (Volkswagen Beetle), Peugeot 504 àti Mercedes àtijọ́ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, ẹ ṣọ́ra o. Jìbìtì kan wà níta báyìí, orí mítà eré ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí ọgbọ́n náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ ó dá ẹni tó bá gbé e wá mọ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọwọ́ mítà yín kò gbéra mọ́, tàbí ó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀. Ẹnì kan á yọjú, ó lè jẹ́ ní ọgbà mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ létí títì, á ní iṣẹ́ mítà nìkan ni òun yàn láàyò. Kò ní gbé jáàkì, kò ní wo abẹ́ ọkọ̀. Á na ọwọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á tú kébù (okùn irin inú rọ́bà tó ń yí orí mítà), á fi kébù kan tó ti já hàn yín, á ní orí mítà ti gan, òun ló já kébù. Lẹ́yìn náà ni á sọ pé òun fẹ́ gbé orí mítà náà lọ sí Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn kí wọ́n bá a tún un ṣe. Ohun tó máa gbé bọ̀ kì í ṣe tiyín. Ayédèrú tó fúyẹ́ bíi páálí ni, tàbí orí mítà ọkọ̀ mìíràn tó ti kú tipẹ́ tí wọ́n kàn nu ojú rẹ̀. Tiyín tí kò ṣàìsàn rárá ti di "ojúlówó Belgium" lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ san owó iṣẹ́, ẹ san owó páàtì, ẹrù yín sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí tí orí mítà fi ń wọ̀ wọ́n lójú kò fara sin. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ṣì ń rìn, àmọ́ wọn kò ṣe wọ́n mọ́. Ojúlówó mítà VDO ti ilẹ̀ Jámánì tó wà nínú Ìjàpá kò sí lórí igbá mọ́, àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe sì ń wá a lójú méjèèjì.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó kú gan-an. Iṣẹ́ méjì ni mítà ń ṣe: ọwọ́ rẹ̀ ń sọ eré, nọ́ńbà rẹ̀ ń ka kìlómítà, kébù kan náà ló sì ń yí méjèèjì. Nínú orí mítà, kébù ń yí mágínẹ́ẹ̀tì kan. Mágínẹ́ẹ̀tì yìí kò fara kan ife alumíníọ̀mù tó bò ó, agbára rẹ̀ ló ń fà á tẹ̀ lé e, súpíríǹgì tín-ín-rín kan sì ń fa ife náà padà. Ibi tí ìfà méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ mítà ń dúró sí. Ti nọ́ńbà kò bẹ́ẹ̀: gíà kéékèèké ni, eyín ń ti eyín.

Nítorí náà, bí ọwọ́ bá ń lọ sókè tí nọ́ńbà kò kà, kébù kò já, ohun tó ń yí kébù kò sì bàjẹ́. Gíà kékeré kan ló ti sán nínú orí mítà. Bí nọ́ńbà bá ń kà tí ọwọ́ kò gbéra, inú orí mítà náà ni ẹ̀bi wà. Nígbà méjì yìí, ẹni tó ní "orí mítà ni" láì wo abẹ́ ọkọ̀ lè jàre. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá kú pọ̀, bó sì ṣe máa ń rí jù nìyẹn, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjàpá ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ jù, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíàbọ́ọ̀sì ló ń yí mítà rẹ̀. Rárá o. Táyà iwájú apá òsì, ti ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ló ń yí i. Kébù gba inú ihò tó wà láàárín irin tí táyà ń yí lé lórí. Ẹnu rẹ̀ tó ní igun mẹ́rin yọ sí ihò onígun mẹ́rin tó wà láàárín kápù gírísì (ìdérí kékeré tó bo gírísì béárìn), pínnì kékeré kan tàbí kílíìpù sì dì í mú níta. Táyà ń yí kápù, kápù ń yí kébù. Bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, kébù náà á yí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ṣí ìdérí táyà, kí ẹ wo àárín rẹ̀. Pínnì lè ti bọ́, kí kébù sì ti fà sẹ́yìn kúrò nínú ihò. Ihò náà lè ti jẹ títí ó fi di róbótó, kápù á wá máa yí lásán láì mú kébù dání. Èyí tó máa ń dunni jù ni pé ẹni tó tún bíréèkì ṣe tàbí tó fi gírísì sí béárìn ti gbé kápù apá ọ̀tún, èyí tí kò níhò, sí apá òsì. Mítà á kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí mítà yín bá kú lẹ́yìn iṣẹ́ bíréèkì, ẹ má wo ibòmíràn kí ẹ tó wo kápù. Owó pínnì kò tó ra àkàrà àárọ̀. Ihò tó ti jẹ, wẹ́dà tó ń fi bàbà jó irin lè dí i, kí wọ́n sì fi fáìlì gbẹ́ igun mẹ́rin tuntun sí i ní ìwọ̀n ẹnu kébù. Ìlú tí ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools wà la wà, ẹni tó mọ irú iṣẹ́ yìí kò wọ́n wa.

Bí kò bá sí ohun tó ṣe kápù, ẹ fi igi dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú apá òsì kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣí iwájú ọkọ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì kébù lẹ́yìn orí mítà. Ọwọ́ lásán ló ń tú u, kò gba sipáná. Kí ẹnì kan máa fọwọ́ yí táyà síwájú, kí ẹnì kejì máa wo ẹnu kébù. Bó bá ń yí geere, gbogbo ìsàlẹ̀ dára, ẹ lè wá máa fura sí orí mítà. Bó bá ń dúró díẹ̀ kó tó fò, gírísì ti gbẹ tàbí kébù ti ká níbì kan. Bí kò bá yí rárá, ẹ fa okùn inú rẹ̀ jáde kí ẹ wò ó. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo rọ́bà tó dí ẹnu ibi tí kébù ti wọlé lẹ́yìn táyà. Bí kò bá sí mọ́, omi òjò ló ń wọ inú kébù, ẹ má gbé owó kébù tuntun sílẹ̀ láì fi rọ́bà sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì béárìn nítorí mítà. Kápù nìkan ló yẹ kó kúrò. Nọ́ọ̀tì apá òsì yẹn, òdì ló ń tú sí, ẹni tí kò mọ̀ á fi agbára ba eyín rẹ̀ jẹ́.

Ti 504 yàtọ̀, ẹ̀yìn gíàbọ́ọ̀sì ni gíà tó ń yí kébù wà, ike sì ni gíà kékeré náà. Ẹ tú kébù lẹ́yìn orí mítà, ẹ ti ọkọ̀ síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí ẹ wo ẹnu kébù. Bí kò bá yí tí okùn inú rẹ̀ sì pé, ẹ yọ gíà ike náà kí ẹ wo eyín rẹ̀. Níbí ni wọ́n ti ń ta gíà tí kì í ṣe ti ọkọ̀ yín fún yín. Ẹ ka eyín ti àtijọ́, ẹ ka ti èyí tí wọ́n fẹ́ tà, kí ẹ tó sanwó. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ eyín 20 tí wọ́n wá fi eyín 19 sí i, mítà á máa sọ 100 nígbà tí eré ọkọ̀ kò ju 95 lọ.

Kò sì yẹ kí ẹ pààrọ̀ gíà tàbí kébù láì béèrè ohun tó pa á. Bí orí mítà bá ń gan, kébù ló ń jìyà rẹ̀: á já, tàbí kó ká eyín gíà ike dànù. Ẹ ki ẹnu àjákù kébù kékeré kan bọ inú orí mítà, kí ẹ fi ìka yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí láì janpata. Bó bá le, kébù tuntun kò ní pẹ́ já. Bí ẹ bá sì rí ọ́ìlì lẹ́yìn orí mítà, síìlì ìdí gíà ike ló ti jẹ. Ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì ń gun kébù bọ̀ sókè, òun ló ń mú kí ọwọ́ mítà fò lọ sí ìparí tí kò sì padà. Ẹ pààrọ̀ síìlì náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí mítà kejì á tún kú.

Ní ti kébù tó já tí wọ́n ń fi hàn yín: kébù tó bá já, apá méjì ló ní. Ẹ ní kó fa apá kejì jáde láti inú ọkọ̀ yín, lójú yín, kí ẹ so méjèèjì pọ̀ wò bóyá ẹnu wọn bára mu. Àpótí irinṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń yọ èyí tí wọ́n ń gbé kiri.

Kébù tuntun náà ní bí wọ́n ṣe ń fi í. Gírísì fẹ́lẹ́ ni, kí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 tó sún mọ́ orí mítà sì gbẹ, torí gírísì tó bá pọ̀ níbẹ̀ á wọ inú ife alumíníọ̀mù. Bó bá máa tẹ̀, kó tẹ̀ gbọọrọ, kó má ká kọrọ̀. Okùn inú gbọ́dọ̀ yọ tó mílímítà 10 síta ní apá orí mítà. Bó bá kúrú jù, kò ní dé inú ihò. Bó bá gùn jù, á máa ti orí mítà títí á fi bà á jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra orí mítà lóòótọ́, ẹ má gba "a ti dán an wò". Kí wọ́n fi dírílì tó ṣe é dín eré rẹ̀ kù yí i lójú yín. Bí ọwọ́ kò bá gbéra, kí wọ́n yí dírílì sí òdì. Táyà Ìjàpá ń yí tó nǹkan bíi ìgbà 500 kí ó tó rin kìlómítà kan, nítorí náà dírílì tó ń yí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ mítà lọ sí itòsí 60. Bí dírílì bá dúró, kí ọwọ́ náà padà sí òdo lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo etí irin tó di gíláàsì mú: bí ó bá ní ojú ibi tí wọ́n ti fi sikuródíráfà kàn án, wọ́n ti ṣí i rí. Bí nọ́ńbà kìlómítà kò bá tò lórí ìlà kan, ọwọ́ ènìyàn ti dé ibẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ odidi náà, ẹ rántí pé nọ́ńbà márùn-ún ni mítà Ìjàpá àtijọ́ ní. Bó bá dé 99,999, á padà sí òdo. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun ò tíì rìn ju 38,000 lọ lè máa tọ́ka sí 138,000. Kébù tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ tú sílẹ̀ kì í ka ohunkóhun. Ẹ wo pínnì yẹn nídìí táyà kí ẹ tó dúnàádúrà.

Bí ó bá di dandan kí orí mítà kúrò nínú ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà kìlómítà inú rẹ̀, àti oṣù òun ọdún tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ bó bá wà. Ẹ fi ọ̀dà èékánná sàmì sí ibi tó fara sin. Kí ẹni tó gbà á kọ gbogbo rẹ̀ sínú risíìtì, kó fi kún un pé páàtì àtijọ́ á padà sọ́wọ́ yín, bó ti wù kó bàjẹ́ tó. Ẹni tí wọ́n bá ti gba tirẹ̀, kó kó fọ́tò, risíìtì àti nọ́ńbà fóònù ẹni náà pọ̀, ohun tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, máa béèrè nìyẹn bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn.