Wàràkàṣì Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Kó Ṣe Ara Lóore

Dókítà ní kí ìyá mi dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá mi sì gbọ́. Wọ́n gbé ìgò iyọ̀ kúrò lórí tábìlì, wọ́n ń se oúnjẹ tí kò níyọ̀ rárá, wọ́n sì ń fara dà á. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bọ́ láílọ́ọ̀nù ara wàràkàṣì pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n máa ń wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi méjì sáàárín búrẹ́dì, wọ́n sì jẹ ẹ̀kẹta lásán. Mo gbé páálí rẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Iyọ̀ gíráàmù 3 ló wà nínú gíráàmù 100. Pẹlẹbẹ mẹ́ta tó gíráàmù 60, ìyẹn ni pé iyọ̀ tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 2 ti wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èmi ni mo máa ń ra páálí yẹn wá fún wọn. Ó dùn mí gan-an.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń ka ẹ̀yìn ìdì kí n tó sanwó. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá wàràkàṣì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣíìsì, lè wà nínú oúnjẹ ẹni tó fẹ́ kára òun le, bẹ́ẹ̀ ni lèsì mi. Èmi náà á wá bi í pé: èwo nínú wọn? Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó? Kí lo sì fẹ́ yọ kúrò nínú àwo kó tó wọlé?

Mílíìkì ni gbogbo wọn. Wọ́n á mú kí mílíìkì dì, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sì gbé òmíràn pamọ́ fún oṣù tàbí ọdún kó lè gbó. Nǹkan bíi lítà 10 mílíìkì ló ń di kílò 1 wàràkàṣì líle. Ìdí nìyẹn tí ègé kékeré fi lè kún fún pùròtéènì àti kálísíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀, ìdí kan náà ló sì fà á tí ọ̀rá fi pọ̀ nínú rẹ̀.

Àtẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí fi wọ́n síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní gíráàmù 100. Ẹ fi ṣe atọ́nà lásán, torí pé ilé iṣẹ́ kan àti èkejì kì í ṣe é bákan náà. Ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

| Irú rẹ̀ | Kálórì | Pùròtéènì (g) | Ọ̀rá (g) | Kálísíọ̀mù (mg) | Iyọ̀ (g) |
|---|---|---|---|---|---|
| Cheddar | 400 | 24 | 33 | 720 | 1.7 |
| Emmental | 390 | 27 | 30 | 900 | 0.5 |
| Parmesan | 400 | 35 | 28 | 1150 | 1.6 |
| Mozzarella tútù | 260 | 19 | 20 | 360 | 1.0 |
| Feta | 265 | 14 | 21 | 490 | 2.5 |
| Cottage cheese | 100 | 11 | 4 | 80 | 0.8 |
| Cream cheese | 350 | 6 | 34 | 100 | 0.8 |
| Pẹlẹbẹ inú láílọ́ọ̀nù | 310 | 17 | 25 | 600 | 3.0 |

Iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀rá ni gbogbo ayé ń sá fún. Èmi ò kó ọ̀rọ̀ ọ̀rá dànù, àmọ́ iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí pé ojú kì í rí i, ahọ́n sì máa ń tètè mọ́ ọn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5. Ẹ wá wo Emmental àti feta. Ẹni tó jẹ gíráàmù 30 Emmental ò tíì jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 0.2. Ẹni tó jẹ ìwọ̀n kan náà nínú feta ti jẹ tó 0.75. Ìlọ́po márùn-ún nìyẹn, nínú nǹkan méjì tí wọ́n kó sórí pákó kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó fà á ò le. Inú omi iyọ̀ ni feta ń gbé títí dọjọ́ tí wọ́n máa tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàràkàṣì míì tí wọ́n ń pè ní halloumi, òun náà sì níyọ̀ tó feta tàbí kó jù ú lọ. Ti pẹlẹbẹ inú láílọ́ọ̀nù tún yàtọ̀. Wọ́n yọ́ wàràkàṣì, wọ́n wá po àwọn èròjà tó ní sódíọ̀mù, ìyẹn ohun kan tó wà nínú iyọ̀, mọ́ ọn kí ọ̀rá àti omi rẹ̀ má bàa pínyà. Nítorí náà, sódíọ̀mù ń wọ inú rẹ̀ látinú iyọ̀, ó tún ń wọlé látinú àwọn èròjà yẹn. Fọ́sífétì wà lára wọn, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn jìnnà sí i.

Àwọn ìdì kan kì í kọ iyọ̀ sára, sódíọ̀mù ni wọ́n ń kọ. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, iye iyọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá rí sódíọ̀mù 700 mg, iyọ̀ gíráàmù 1.75 ni. Ẹni tí feta bá wù tí kò lè fi sílẹ̀ lè rẹ ègé rẹ̀ sínú omi tútù fún wákàtí mélòó kan kó tó jẹ ẹ́; iyọ̀ díẹ̀ á jáde sínú omi náà.

Ọ̀rá ńkọ́?

Ọ̀rá tí wọ́n ń kọ ní saturates sára ìdì ni ká máa ṣọ́. WHO ní kó má ju ìdá 10 nínú 100 gbogbo agbára tí oúnjẹ ń fún wa lọ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2000 lóòjọ́, nǹkan bíi gíráàmù 22 ni. Gíráàmù 30 cheddar nìkan ti kó gíráàmù 6 nínú rẹ̀. Ẹ ò ní bínú sí i torí ìyẹn, àmọ́ ẹ máa mọ̀ pé ó ti gba àyè tirẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rá wàràkàṣì kì í ṣe ara bí ọ̀rá bọ́tà ṣe ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mílíìkì kan náà ni méjèèjì ti wá. Ní Denmark, wọ́n fún àwọn èèyàn kan ní wàràkàṣì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fún àwọn kan náà ní bọ́tà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà míì, ọ̀rá inú méjèèjì sì dọ́gba. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, LDL, ìyẹn kọlẹ́sítéróòlù tí kò dáa, kéré sí i lásìkò wàràkàṣì ju ti bọ́tà lọ. Àwọn ìwádìí míì tó fi méjèèjì wéra sọ ohun tó jọ ọ́. Lójú àwọn onímọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kálísíọ̀mù inú wàràkàṣì ń di díẹ̀ mú nínú ọ̀rá náà, tó sì ń bá ìgbẹ́ jáde.

Ẹ má wá fi èyí ṣe àwáwí o. Bọ́tà ni wọ́n fi wé, wọn ò fi wé ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tàbí òróró ólífì. Ẹni tó yọ sọ́séèjì kúrò nínú búrẹ́dì tó fi Emmental rọ́pò rẹ̀ ti jèrè. Ẹni tó to wàràkàṣì lé sọ́séèjì lórí ti di ẹrù lé ẹrù.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ń rà á láàmú. Lára àwọn wàràkàṣì kan, pàápàá àwọn tó ń ti Jámánì wá, ẹ ó rí 45% tí wọ́n kọ gàdàgbà, àyà èèyàn á já. Wọ́n ti yọ omi kúrò kí wọ́n tó ṣe ìṣirò ọ̀rá yẹn. Fett i. Tr. ni wọ́n ń kọ sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rá inú èyí tó gbẹ. Camembert tí wọ́n kọ 45% sí lára, tí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ omi, kò ní ju gíráàmù 22 sí 24 ọ̀rá lọ nínú gíráàmù 100. Àtẹ kékeré tó wà lẹ́yìn ìdì ló ń sọ òótọ́, òun ni kí ẹ kà.

Cottage cheese àti cream cheese: funfun méjì tí kò jọra

Inú ike kékeré ni wọ́n sábà máa ń wà, méjèèjì funfun, méjèèjì rọ̀, orúkọ wọn sì fẹ́ jọra. Ẹ padà wo àtẹ. Ọ̀rá inú cream cheese ju ìlọ́po mẹ́jọ ti èkejì lọ, pùròtéènì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì ni, bíi bọ́tà, ẹ má fi kún oúnjẹ pùròtéènì. Cottage cheese ni mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ yó láìsanra. Àléébù rẹ̀ ni pé kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré: kíkan ni wọ́n fi ń mú mílíìkì rẹ̀ dì, kíkan yẹn a sì máa tú kálísíọ̀mù sínú omi tí wọ́n ń fún dànù. Ẹni tó ń wá kálísíọ̀mù fún egungun, Parmesan tàbí Emmental ló yẹ ẹ́.

Ẹni tí mílíìkì ń run nínú

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láyé ni inú wọn kì í gba láátóòsì, ṣúgà inú mílíìkì, dáadáa. Ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn ife mílíìkì kan lè rò pé wàràkàṣì ti di èèwọ̀ fóun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣúgà yẹn ti bá omi lọ nígbà tí wọ́n ń fún un, bakitéríà sì ti jẹ èyí tó kù nígbà tó ń gbó. Ojúlówó Parmesan kì í jáde kó tó pé oṣù 12, kò sì fẹ́ẹ̀ sí ṣúgà yẹn nínú rẹ̀ mọ́. Cheddar tó ti gbó náà dáa. Cottage cheese àti àwọn tútù míì ni kí ẹ fi ìṣọ́ra tọ́ wò. Àmọ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ pùròtéènì inú mílíìkì yàtọ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìkankan nínú wọn.

Èyí tí wọ́n dín ọ̀rá rẹ̀ kù, àti èyí tí kò ní mílíìkì

Ní Yúróòpù, ọjà kan ò gbọ́dọ̀ sọ pé òun dín ọ̀rá kù àyàfi tó bá fi ìdá 30 nínú 100 kéré sí irú rẹ̀. Cheddar bẹ́ẹ̀ dáa fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, pùròtéènì rẹ̀ sì sábà máa ń pọ̀ sí i. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ lórí iná, ó sì máa ń rí bíi rọ́bà lẹ́nu. Èmi ò kì í rà á. Mo gbà pé kéèyàn ra èyí tó dùn gan-an kó jẹ díẹ̀ sàn ju kó máa jẹ púpọ̀ nínú èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gíráàmù 10 Parmesan tí ẹ rin sórí oúnjẹ ń ta sánsán ju ègé ńlá mozzarella lọ.

Èyí tí wọ́n ń fi ewéko ṣe ni kí ẹ yẹ̀ wò jù lọ. Òróró àgbọn àti sítáàṣì ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, pùròtéènì inú wọn ò sì tó nǹkan. Ẹni tí kì í jẹ ohun tó ti ara ẹran wá lè rà á fún adùn, àmọ́ kó wò ó bóyá wọ́n fi kálísíọ̀mù àti fítámì B12 sí i.

Báwo ni gíráàmù 30 ṣe tó?

Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo gé cheddar bí mo ṣe máa ń gé e, mo ní ó pọ̀ jù kó jẹ́ 35, mo gbé e sórí síkéèlì. Ó fi 72 hàn. Mo gé e sí méjì, mo tún gé igun kan kúrò, ó wá kù bíi páálí ìṣáná kan. Gíráàmù 30 nìyẹn. Nígbà tí mo fi ohun ìrin rin ín, ó bo búrẹ́dì méjì dẹ́dẹ́. Ó tó mi. Bí ẹ ò bá ní síkéèlì, ẹ rántí páálí ìṣáná.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ bi dókítà

Kí aboyún yẹra fún Brie, Camembert àti àwọn rírọ̀ tó ní èbu aláwọ̀ búlúù, àti wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n fi mílíìkì tútù tí wọn ò sè ṣe, àyàfi tí wọ́n bá gbé e kaná títí tó fi ń rú èéfín. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Listeria tó lè wà nínú wọn máa ń ba oyún jẹ́. Cheddar, Parmesan àti cottage cheese tí wọ́n fi mílíìkì tí wọ́n ti sè ṣe ò léwu fún wọn. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n ń pè ní MAOI, kó má ṣe fẹnu kan wàràkàṣì tó ti gbó: èròjà tí wọ́n ń pè ní tyramine inú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lójijì, ó sì lè pa á.

Ìyá mi ti fi pẹlẹbẹ sílẹ̀. Emmental ni mo ń rà fún wọn báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ó tẹ́ lẹ́nu. Nígbà tí oṣù kan pé, wọ́n tọ́ ti àtijọ́ wò nílé àbúrò wọn, wọ́n ní iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bébà ni mo máa ń kọ́kọ́ fi wé e kí n tó gbé e sínú ike, kó má bàa làágùn nínú fíríìjì. Tí èbu bá mú wàràkàṣì líle níbì kan, ẹ gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 2.5 yí i ká, ẹ jẹ èyí tó kù. Tó bá jẹ́ èyí tó rọ̀ tàbí èyí tí ẹ ti rin ni, ẹ dà á nù pátá.