Kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí mo rà

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa kàlẹ́ńdà ara ògiri tí mo rà yìí o. ₦4,000 ni, orí WhatsApp ni mo ti rà á lọ́wọ́ àwọn kan tó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, torí wọ́n to ọjọ́ mẹ́rin Yorùbá, Ọ̀sẹ̀, Awo, Ògún, Jàkúta, sábẹ́ ọjọ́ méje tí gbogbo wa ń lò. Bébà ẹ̀ ki dáadáa. Jàkúta ni wọ́n kùn ní pupa, tó bá bọ́ sí Ajé lọ́sẹ̀ yìí á bọ́ sí Ìṣẹ́gun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pupa yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ọjọ́ 28 ló máa fi padà bá Ajé. Mo kàn ń wò ó ṣáá ni.

Èmi àti ìyá àgbà mi la jọ jókòó tì í. Mo ní, "Mama, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjà yín ná." Wọ́n ní, "Márùn-ún ni, ọrún là ń pè é. Àbí ìwọ ò ka òní mọ́ ọn ni?" Wọ́n na ìka wọn, òní gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún, 17 la ń pè é lẹ́nu, ọjọ́ 16 ló fi ń yí po. Tẹ́lẹ̀ mo rò pé àṣìṣe ìṣirò àwọn àgbà ni, irọ́ ni o, òní ti wà nínú ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Ìdí tó fi ká mi lára ni pé Hegel, onímọ̀ ará Jámánì, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní Berlin láti 1822 pé ìtàn ayé ń rìn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, Yúróòpù ni òpin ẹ̀, Áfíríkà ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀. Ní 1969, John Mbiti, onímọ̀ ẹ̀sìn, ọmọ Kẹ́ńyà, kọ ọ́ pé nínú ìrònú àtijọ́ ní Áfíríkà, ọjọ́ iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Èdè Kamba àti Kikuyu ló gbé yẹ̀ wò, ó sì nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, àwa tá à ń ṣàdúrà kí ẹ̀yìn ọ̀la wa dára, tá à ń dá èsúsú!

Ibi tí mi ò ti gba ti àwọn tó tẹ kàlẹ́ńdà yìí ni ọdún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ẹ̀, wọn ò sọ bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀. Kí la fẹ́ fi bá Hegel du? Ọjà tó ń ná lọ́rọọrún láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni tó fún mi.

Wọ́n tún kọ Ògún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra ní Máàṣì, gbogbo ìyókù oṣù yẹn sì yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, mo gbé mama lọ sọ́jà, a bá ìsọ̀ lófìfo, oòrùn sì mú. Inú bí mi gan-an. Mo pè wọ́n, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ojú ewé tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Màá tún rà á lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ni mo kàn án mọ́. Mama ti fi báírò yí ọjọ́ ìtàdógún ẹgbẹ́ wọn po, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé Disẹ́ńbà.