Ìwé Amí Méjì fún Òǹkàwé Kristẹni: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Àwọn òbí àti olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa n'Ílọrin a máa bi mí bóyá a lè rí ìwé ìtàn amí àti òṣèlú tí kò ní kó àlùfàǹṣá bá ọmọ ẹni. Méjì ni mo máa ń gbé síwájú wọn: The Kremlin Conspiracy tí Joel Rosenberg gbé jáde ní 2018, àti The Spy Who Came in from the Cold ti John le Carré, tí ó jáde ní 1963.

Marcus Ryker, tí ó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ni akọni Rosenberg. Ààrẹ Rọ́ṣíà ń gbèrò ogun, ẹ̀rí ọkàn sì ń da ọkọ ọmọ rẹ̀ láàmú lórí rẹ̀. Ryker ti pàdánù ìyàwó àti ọmọ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ń mì. Ìbọn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ rírùn tàbí ìṣekúṣe. Owó ìwé méjì ni kí ẹ mú dání, nítorí inú The Persian Gamble ti 2019 ni ìtàn náà ti ń bá a lọ. Níbi tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ Alhaji tí àbúrò jẹ́ díákónì, tí wọ́n sì jọ ń jẹun nínú agboolé kan, èyí ni mo fẹ́ràn ju The Last Jihad tí òǹkọ̀wé kan náà kọ ní 2002, tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó dá ìjà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Le Carré kì í ṣe oníwàásù. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ amí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, Leamas, amí Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ akọni ìtàn náà, dúró lóru ní ẹnubodè tí ó pín ìlú Berlin sí méjì, ó ń retí ọkùnrin kan tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin náà níṣojú rẹ̀. Leamas ń mutí, òun àti Liz tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ sì ń bá ara wọn lò pọ̀, bí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ dúró pẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Síbẹ̀, ìwé yìí ni ó mú mi ronú jù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ Káyáfà nínú Jòhánù 11 ni àwọn ọ̀gá Leamas ń tẹ̀lé, pé ó sàn kí ẹnì kan kú ju kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣègbé lọ. Àgbàlagbà tí ó ń kọ́ kíláàsì Bíbélì yóò rí ohun tí ó pọ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ti Rosenberg ni kí ẹ rà fún ọ̀dọ́. Ti le Carré, tí kò tilẹ̀ nípọn, ni kí ẹ rà fún ara yín. Bí ó bá jẹ́ àlòkù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá títì ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí ewé ìkẹyìn wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ti já ní ewé méjì tí ó gbẹ̀yìn, ìdí ògiri Berlin gan-an ni ìtàn náà sì ti dá dúró mọ́ mi lọ́wọ́.