Kaleido Star: Katúùn Tó Jẹ́ Ká Rí Òógùn Ẹni Tó Ń Wá Òkìkí

Kaleido Star ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun wò nínú àwọn katúùn Japan. Eré tó ń sọ ìtàn ọmọ tó fẹ́ di gbajúmọ̀ pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n wọ́n a máa sáré fo iṣẹ́ tó wà láàárín: orin á dún díẹ̀, ọmọ á ti mọ̀ ọ́n ṣe. Eléyìí kò sáré. Ó jókòó ti ọmọ náà nínú gbọ̀ngàn ìdánrawò, ó jẹ́ ká rí bó ṣe ń já bọ́, tó ń dìde, tó tún ń já bọ́, títí ara àwa tí à ń wò ó fi ń ro wá.

Junichi Sato ló gbé èrò eré náà kalẹ̀, ilé iṣẹ́ Gonzo ló ṣe é, TV Tokyo sì gbé e sáfẹ́fẹ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2003 títí di oṣù kẹta ọdún 2004. Apá 51 ni, ní ìpín méjì. Sora Naegino, ọmọ ọdún 16, kúrò ní Japan lọ sí California nítorí Kaleido Stage, ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì tí òun àti àwọn òbí tó bí i lọ wò nígbà tó wà ní kékeré, kí ikú tó mú àwọn òbí náà lọ. Olè gbé báàgì rẹ̀, ó pẹ́ dé ibi ìdánwò, Layla Hamilton tó jẹ́ ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà sì ní kó máa lọ sílé. Kalos, ọ̀gá wọn, ló ní kó dúró. Ojúure yẹn gan-an ló di ẹrù sí i lọ́rùn, torí àwọn tó ṣe ìdánwò kí wọ́n tó wọlé gbà pé ẹ̀bùrú ló gbà.

Ẹ má rò pé sákọ́ọ̀sì kìnnìún àti erin ni o. Òkìtì, ijó, orin àti ìtàn ni wọ́n pò pọ̀. Orí trampoline, aṣọ líle tí wọ́n ta tó ń ta èèyàn sókè, àti ọ̀pá tí wọ́n so rọ̀ lókè ni wọ́n ti ń ṣe Cinderella, Arabian Nights, Romeo àti Juliet. Ẹni tó bá ti rí Cirque du Soleil, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Quebec lọ́dún 1984, á mọ irú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Layla ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn tó kọ eré yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni ì bá jẹ́ ọ̀tá: ó lẹ́wà, bàbá rẹ̀ ló ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí Sora ṣe tí òun fúnra rẹ̀ kò ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá rí i pé kì í ṣe ìkórìíra ló fi lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń fò lókè gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ ẹnìkejì níbi tó yẹ kó wà, lákòókò tó yẹ. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ lè fa ikú ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ìpín kìíní ṣe parí, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Yuri, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ńlá wọn, gba ilé eré mọ́ Kalos lọ́wọ́, torí pé àrà ńlá kan tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀. Àrà yẹn kan náà ni Sora àti Layla pinnu láti dá kí wọ́n lè gba ilé wọn padà. Wọ́n lọ ṣe ìdánrawò ní Grand Canyon, Layla sì fi èjìká ṣèṣe, ó fi í pamọ́. Wọ́n dá àrà náà, ó sì bọ́ sí i. Àmọ́ èjìká Layla ò gbà á mọ́, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò sì tì mí. Ọmọ tó wá di ìràwọ̀ yìí mọ ẹni tó fi ara rẹ̀ san owó ipò náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. May Wong, òṣèré tuntun kan, dé, ó ní Sora ló ba ayé Layla jẹ́, gbogbo èébú tá a ti gbọ́ ní ìpín kìíní sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ẹ ní sùúrù. Rosetta, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú diabolo, ìyẹn ohun ìṣeré tí wọ́n ń fi okùn tó so ọ̀pá méjì pọ̀ yí, tí wọ́n sì ń jù sókè, tún un ṣe fún mi: ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń mú inú èrò dùn. Lẹ́yìn náà ni ìdíje sákọ́ọ̀sì ní Paris dé. Paris náà ni Jules Léotard ti kọ́kọ́ fò láti ọ̀pá dé ọ̀pá níwájú èrò lọ́dún 1859, nítorí náà ibẹ̀ yẹ ẹ́. Sora rí i báwọn olùdíje ṣe ń ṣe ara wọn léṣe nítorí ipò, ó fi ìdíje sílẹ̀ láàárín eré, ó padà sílé. Ìgbà tó tún dé, orí ìtàgé tí kò ti ní sí ìjà ló ní òun ń wá. Àmọ́ kó tó lè dé ibẹ̀, ó ní láti bá May àti Layla du ipò kan ṣoṣo. Eré náà kò sá fún ìṣòro yìí, ohun tó sì mú kí n bọ̀wọ̀ fún un jù lọ nìyẹn.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni Fool, ẹ̀mí orí ìtàgé tó jẹ́ pé Sora nìkan ló ń rí i níbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ máa ń dára, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló fẹ́ yọjú wo ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń wẹ̀. Ọmọ ọdún 16! Kò dùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń tún un ṣe. Àwọn apá kan tún wà tí iṣẹ́ àwòrán ti rẹlẹ̀, tí ojú èèyàn kan náà kò bára mu.

Ohùn Japan ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ máa ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń hàn nísàlẹ̀. Sayaka Ohara tó gbé ohùn fún Layla kì í pariwo, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ìrora nínú rẹ̀ kí ẹ tó rí i lójú àwòrán. Màá jẹ́ kí ọmọ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá wò ó, pẹ̀lú àgbàlagbà nítòsí nítorí Fool. Ẹ má dúró ní apá 26, níbi tí ìpín kìíní parí sí, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe, kí ẹ sì fi apá àkànṣe ọdún 2005 tó dá lórí Layla sí ìgbẹ̀yìn, torí kò ní yé ẹni tí kò bá tíì parí ìpín kejì.