Awò ojú tàbí LASIK: èwo ni ká ṣe l'Ábújá?

LASIK ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi lésà, ìyẹn ìtànṣán iná alágbára, ṣe sójú kéèyàn lè ríran dáadáa láìlo awò. Ní ti owó, awò kò wọ́n tó LASIK lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fọ́, ó ń ha, a sì tún un ṣe bí nọ́ńbà ojú (ìwọ̀n agbára awò tójú nílò) bá yí padà. Owó gọbọi ni LASIK ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ewu gan-an ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Bí awò ò bá bá yín lára mu, ẹ bọ́ ọ. Nínú LASIK, dókítà á la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú kọ́níà, ìyẹn apá iwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara, á ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìdérí, lésà á wá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá gbẹ́ kúrò kì í padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán kọ́níà ṣáájú: èyí tó tín-ín-rín jù, tàbí tó ti ń yọ ṣóńṣó síwájú, kò gbọdọ̀ rí lésà yẹn. Ojú sì máa ń gbẹ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀; ẹ wá fi eruku ọyẹ́ Ábújá kún un! Lójú tèmi, kí ọyẹ́ kọjá ná.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, aláboyún, àti ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń yí, awò ni tiwọn. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti dúró sójú kan fún ọdún kan, tí kọ́níà rẹ̀ sì nípọn dáadáa, lè ṣe LASIK. Ẹni tó ti lé ní 40 ṣì lè nílò awò ìkàwé lẹ́yìn rẹ̀.