Àgbéyẹ̀wò Ìròyìn CNN Lórí Gbànjo Ọmọ Ènìyàn ní Líbíà

Ìròyìn tí iléeṣẹ́ CNN gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nípa bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ ènìyàn ní gbànjo ní Líbíà, ṣì yẹ ní wíwò títí di òní, àmọ́ ó kù síbì kan.

Kí a kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn: wọn kò fi ti àgbọ́sọ ṣe. Láti oṣù Kẹrin ọdún náà ni IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri, ti ké gbàjarè pé wọ́n ń ta àwọn arìnrìn-àjò lọ́jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí ikún ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ kọ sí i. Nígbà tí fídíò kan tẹ CNN lọ́wọ́, tí a ti ń gbọ́ bí owó ṣe ń gòkè títí ó fi dé 1,200 dínárì, akọ̀ròyìn wọn, Nima Elbagir, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kàn sáré gbé e síta. Wọ́n gbé kámẹ́rà pamọ́ lọ sí ẹ̀yìn odi Tripoli, olú-ìlú Líbíà, ojú wọn sì rí bí wọ́n ṣe ta bí ènìyàn méjìlá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àwọn olórí Áfíríkà àti Yúróòpù ti ń jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé wọn ní Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń tà ni a rí nínú fídíò náà. Ọwọ́ lásán ni a rí lára ẹni tó ń tà á, ọwọ́ tó gbé lé e léjìká bí olówó ẹran. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹni tí wọ́n tà ló hàn jù níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó tà á. Ọ̀dọ́kùnrin ará Edo kan sọ̀rọ̀ ní àgọ́ tí wọ́n há wọn mọ́, ó ní wọ́n ta òun, ìyá òun sì ń yáwó kiri kí òun má baà kú. Ta ló gba owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé? Akọ̀ròyìn kò tẹ̀lé okùn náà padà, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2003 ni Nàìjíríà ti dá NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ọmọ ènìyàn ṣòwò, sílẹ̀ nítorí àwọn agbódegbà tó ń gbé láàárín wa.

Ẹni tó bá wò ó tán, kí ó wá ìròyìn oṣù Kẹta ọdún 2018 kà, nígbà tí Ọba Ewuare Kejì ti Bìní tú ìbúra tí wọ́n fi ń de àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Yúróòpù, tó sì fi àwọn tó ń kó wọn gégùn-ún.